Bàálù Ẹgbẹ́ Màmá Eléwé

Ẹ fa àpótí yẹn súnmọ́ ibí. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí Ìyá Ọlọ́kà gbọ́ ọ, torí ẹnu rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ẹ mọ Màmá Eléwé, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Texas? Ọkọ ọmọ yẹn ni gbogbo agboolé ń pè ní Bọ̀dá Bàálù. Kì í ṣe pé ó ń wa bàálù jẹun o, títún un ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Zaria ló ti kọ́ ọ, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú àtàwọn ẹnjiníà wọn, kó tó di pé ó ré òkun kọjá. Ọmọlúàbí ni. Kò mutí, kò fa sìgá, kò ní àlè. Mo ti wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò. Àṣé nǹkan tí yóò máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹ́ méjì ló máa ní.

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, mo kàn ń lọ fa omi ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà Màmá ni ẹ̀rọ omi wà, èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀. Mo gbọ́ tí ọmọ ń sọ lórí WhatsApp pé, "Màámi, ọkọ mi ti ra bàálù." Màmá pariwo. Ó ní ṣé irú èyí tó ń kó àwọn alálàájì lọ sí Mẹ́kà? Ọmọ ní ó tì o, ènìyàn méjì péré ló ń gbé, awakọ̀ àti ẹni tó bá jókòó tì í. Cessna 140 lorúkọ rẹ̀, ìlú Wichita ní ìpínlẹ̀ Kansas ni wọ́n ti ṣe é, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, agbára ẹṣin 85. Páànù fẹ́lẹ́ ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ni wọ́n fi bo ìyẹ́ rẹ̀.

"Aṣọ kẹ̀? Irú aṣọ wo? Áńkárá?"

Ọmọ ò dá a lóhùn. Ìgbà tó wá sọ pé 1946 ni wọ́n ṣe bàálù ọ̀hún, Màmá dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ọdún tí wọ́n bí èmi náà nìyẹn. Kí ni ọkọ rẹ fẹ́ fi ẹgbẹ́ mi ṣe?"

"Ó fẹ́ tún gbogbo wáyà inú rẹ̀ fà ni, mà."

"Wáyà ara tèmi náà ti ń jó ọjọ́ ti pẹ́, kò sẹ́ni tó ní òun fẹ́ bá mi tún un fà."

Díẹ̀ ló kù kí n da omi nù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkùnrin náà bá lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù fún yín, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Wáyà ayé ìgbà yẹn kì í ṣe irú tiwa yìí. Rọ́bà ni wọ́n fi bo bàbà inú rẹ̀, wọ́n wá fi òwú híhun bo rọ́bà, wọ́n tún kun òwú náà ní fáníìṣì. Ooru, epo àti ọjọ́ orí ti jẹ ẹ́ tán. Bó ṣe ń fọwọ́ kàn án ló ń fọ́ sí i lọ́wọ́, tí bàbà ń yọjú. Ìyẹn ṣì kéré. Àwọn tó ti ni ọkọ̀ náà ṣáájú rẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rédíò fa tirẹ̀ gba orí ti àtijọ́. Ẹni tó fẹ́ iná kún iná fa tirẹ̀ gba abẹ́. Ẹni tó yọ rédíò kúrò gé wáyà rẹ̀ láàárín, ó sì fi kùkùté sílẹ̀ síbẹ̀. Bọ̀dá rí wáyà pupa kan tí orí rẹ̀ ń fì lásán níbẹ̀. Ó gbé mítà sí i, iná wà lára rẹ̀! Ta ló fà á? Iná kí ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀, wọn ò kọ ọ́ síbì kankan.

Èmi rán Màmá pé kó bá mi bi í, kí ló dé tí kò ra bàálù tí kò ní wáyà? Ó kúkú wà. Piper J-3 Cub, aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n ṣe títí di 1947, kò ní bátìrì, kò ní sítátà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi jí. Ẹni tó bá ra ìyẹn ti bọ́ lọ́wọ́ iná. Wọ́n ní kí n má dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya.

Ohun tí ìyàwó ò lè fara dà kì í wá ṣe owó. Ìwé ni. Kí Bọ̀dá tó gé wáyà kan ṣoṣo, á gé ìwé pélébé méjì, á so ọ̀kan mọ́ orí wáyà, á so èkejì mọ́ ìdí rẹ̀, á sì kọ ọ́ sára méjèèjì: ó ti ibi báyìí wá, ó ń lọ síbi báyìí. Á ya fọ́tò. Á tún yà á sínú ìwé àkọsílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Sátidé dé, ó di háńgà. Sátidé mìíràn dé, háńgà náà ni. Ìyàwó ní àsìkò tí ọkọ òun fi ń sọ wáyà lórúkọ, kò lo ìdá kan rẹ̀ fún ọmọ tí àwọn bí; orúkọ ọmọ yẹn, Màmá Eléwé ló fi ránṣẹ́ láti yàrá kejì yìí.

Nígbà tó jẹ́ pé etí kò gbọdọ̀ gbófo, mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ́wáyà tó wà ní ìkóríta wa. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá itan. Ó ní òun á tú gbogbo wáyà ọkọ̀ lárọ̀ọ́, òun á tò ó padà kó tó di ìrọ̀lẹ́, òun ò ní kọ lẹ́tà kan, àwọ̀ lòun fi ń dá wọn mọ̀: pupa, dúdú, aláwọ̀ ewé tó nílà funfun. Èmi ò fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ alága àdúgbò wa tó tún ṣe lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá tẹ fèrè, wáípà ló ń jó. Ẹ bi alága.

Ohun tí rẹ́wáyà ò sì mọ̀ ni pé wáyà bàálù kò ní àwọ̀ tí ènìyàn lè fi dá a mọ̀. Èyí tí wọ́n ń fà sínú wọn lóde òní, tó ń fara da ooru, tí kì í tètè gbiná, funfun ló pọ̀ jù. Funfun sí iná, funfun sí rédíò, funfun sí bátìrì. Ẹ lọ sí ìjọ Sẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín pe ẹni tó wọ ṣùtánà. Ó di dandan kí ẹ mọ orúkọ.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún ọmọkùnrin yìí, torí iṣẹ́ tèmi gan-an ló ń ṣe. Ẹni tó rí ọkùnrin kan tó jáde láti yàrá kẹta ní ìdájí, tí kò mọ ilé tó padà wọ̀, kò tíì ní ìròyìn. Orí rẹ̀ nìkan ló mú. Ẹ rí i, èmi, kí n tó lanu, mo ti mọ ibi tó ti jáde, mo ti mọ ibi tó wọlé sí. Wáyà tí wọ́n kọ orúkọ sí lórí, tí wọn ò kọ ọ́ sí nídìí, òfófó àwọn bí Ìyá Ọlọ́kà nìyẹn.

Orúkọ tí Bọ̀dá kọ́kọ́ kọ, Yorùbá ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an fún ìyẹn. "Iná ìyẹ́ òsì." "Iná ìyẹ́ ọ̀tún." "Iná ìdí." Ó dùn mọ́ ọn, ó ya fọ́tò rẹ̀ fún Màmá, Màmá sì gbé e yí agboolé ká. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ irú bàálù bẹ́ẹ̀ wò, ẹni tó ní ìwé àṣẹ àyẹ̀wò ló sì ń buwọ́ lùwé. Bọ̀dá ní ìwé ẹ̀rí àtúnṣe, kò ní ti àyẹ̀wò. Bàbá òyìnbó arúgbó kan ló ń yẹ̀ ẹ́ wò fún un. Bàbá yìí ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó rí "iná ìdí," ó ní kí ni èyí? Bọ̀dá ṣàlàyé. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ mọ́. Àmọ́ bí o bá kú, tàbí tí o tà á, ẹni tó máa ṣí ibí yìí lẹ́yìn rẹ, ṣé ìyá tirẹ̀ náà Yorùbá ni?"

Bọ̀dá tú gbogbo rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ètò tó wá lò, àwọn ológun Amẹ́ríkà ló ṣe é tẹ́lẹ̀ fún ọkọ̀ òfuurufú tiwọn. Ẹ fetí sí i, oríkì wáyà ni. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ìdílé tí wáyà ti wá: L fún iná, P fún agbára tó ń ti bátìrì bọ̀, R fún rédíò, E fún àwọn aago tó ń sọ ìṣesí ẹ́ńjìnnì. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ti wáyà náà fúnra rẹ̀ nínú ìdílé yẹn. Lẹ́tà kejì ń sọ abala rẹ̀: A ni títí dé ibi swíìṣì, bó bá ti swíìṣì jáde ó di B. Nọ́ńbà ìkẹyìn ni ìnípọn, ibẹ̀ ni ti òyìnbó ti rú mi lójú, torí wáyà nọ́ńbà 22 ló tẹ́ẹ́rẹ́, nọ́ńbà 4 tó ń gbé iná lọ sí sítátà ló sanra. Bí wáyà bá parí sí ara ọkọ̀, tí àwọn rẹ́wáyà ń pè ní bọ́dì, wọ́n á fi N kádìí rẹ̀. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ fo I àti O pátápátá kí ẹnikẹ́ni má bàa kà wọ́n sí 1 àti 0. Ọgbọ́n nìyẹn! L1A20: ẹni tó bá rí i ní Texas, ní Brazil, tàbí ní Ìkẹjà, tó bá ti ní àwòrán ọkọ̀ náà lọ́wọ́, ó ti mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ sì má rò pé iná ìyẹ́ òsì àti ti ọ̀tún jẹ́ ọ̀kan náà o. Pupa ló ń tàn lápá òsì, aláwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, funfun nídìí. Bàálù tó ń bọ̀ lókèèrè lóru, àwọ̀ tó bá rí ló fi ń mọ̀ bóyá ẹ kọjú sí òun tàbí ẹ kọ̀yìn sí òun. Bí ẹ bá ṣi wáyà méjì yẹn gbé fún ara wọn, ẹ ti purọ́ fún ẹni tí kò rí yín rí, nínú òkùnkùn, lókè ọ̀run. Irọ́ tèmi kì í tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìlànà ìjọba wọn tún sọ iye ìgbà tí orúkọ gbọ́dọ̀ hàn lára wáyà. Ó gbọ́dọ̀ wà ní ìkángun méjèèjì, kó sì máa hàn lẹ́ẹ̀kan, ó pẹ́ tán, láàárín ínṣì 15 síra wọn. Èyí tí kò bá gùn tó ínṣì 3, wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Kì í sì í ṣe kí ènìyàn fi bírò kọ ọ́ sórí téèpù; ooru ẹ́ńjìnnì á tú u, epo á pa lẹ́tà rẹ́. Ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín ló ń lò, ẹ̀rọ kékeré kan á tẹ lẹ́tà sí i lára, á ki wáyà bọ inú rẹ̀, á fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i, rọ́bà á sún kì, á dì mọ́ wáyà pinpin. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, àfi kí ẹ bẹ̀ ẹ́ sọ́bẹ̀.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ ṣá. Rọ́bà yẹn gbọ́dọ̀ wọlé kí wọ́n tó fi irin dé orí wáyà, torí bí irin bá ti wà lórí rẹ̀, rọ́bà ò ní lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ìyàwó ló sọ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín, pé ọ̀gbẹ́ni yìí ti irin mọ́ orí, ó ti irin mọ́ ìdí, gbogbo rẹ̀ gún régé, ó nà án wò níná, ló bá bojú wo tábìlì: L7B20 méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ó ní òun kò gbọ́ èébú Yorùbá tó mọ́ gaara bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí òun ti kúrò n'Ílọrin.

Títì ni wọ́n ń ti irin yẹn o, wọn kì í sábà jó o ní sódà. Ẹ̀mú kan wà tí kì í là bí ẹ ò bá tíì tẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n. Sódà máa ń mú kí wáyà gan, ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n, ibi tó gan yẹn ló ti ń ṣẹ́. Mo sọ ìyẹn fún rẹ́wáyà, tó jẹ́ pé eyín ló fi ń bó wáyà, ó ní kí n lọ bá wọn ní Texas.

Wàyí o, wáyà kan wà tó yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù. Èyí ni mo ń tìtorí rẹ̀ sọ pé kí ẹ jókòó dáadáa. Gbogbo wáyà tẹ́ ẹ mọ̀, bí ẹ bá gé e, nǹkan tó ń gbé iná fún á kú. Àbí? Ti mágínẹ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré ní mágínẹ́tò méjì, tó ń dá iná sí pláagì fúnra wọn láìbéèrè lọ́wọ́ bátìrì. Wáyà tó ti ara wọn lọ sí kọ́kọ́rọ́, pípa ló wà fún. Bí awakọ̀ bá pa kọ́kọ́rọ́, wáyà yẹn á kan ara ọkọ̀, iná mágínẹ́tò á wọlẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kú. Bí wáyà náà bá já, tàbí tí ẹnì kan ṣì í gbé síbòmíràn, kọ́kọ́rọ́ wà ní pípa, awakọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì wà láàyè. Ẹni tó bá kàn fọwọ́ ti abẹ̀bẹ̀ iwájú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè ráyè kọjá, ó lè yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti pa ènìyàn rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní jẹnẹrétọ̀ I-better-pass-my-neighbour, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ rántí ti Bàbá Kẹ́kẹ́, tó tẹ bọ́tìnnì pé kó kú, tí kò kú, tó jẹ́ pé ṣóókù ló fi fún un lọ́rùn pa? Wáyà ibi bọ́tìnnì ló já. Ohun kan náà ni. Àmọ́ jẹnẹrétọ̀ tiwa kò ní ọ̀bẹ níwájú.

Wáyà mágínẹ́tò méjì yẹn ni Bọ̀dá fi orúkọ sí lára ju gbogbo ìyókù lọ, tí ó sì dán wọn wò lójú Bàbá arúgbó. Ìyàwó, tó ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí, dákẹ́. Ọkọ ò sì sọ púpọ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó fẹ̀sùn kàn án pé ó ti sọ wáyà di ìyàwó kejì ló tó sọ ti bàálù Swissair 111, tó gbéra ní New York lọ sí Geneva ní oṣù Kẹsàn-án 1998, tó jábọ́ sínú òkun nítòsí Nova Scotia ní Kánádà, tí ènìyàn 229 kú. Iná ló bẹ́ lókè àjà iwájú ọkọ̀. Àwọn tó wádìí rẹ̀ ní ó ṣeé ṣe jù lọ pé wáyà tó ṣáná ló ràn án. Bàálù ńlá òde òní nìyẹn o, kì í ṣe ẹgbẹ́ Màmá Eléwé.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìyàwó fúnra rẹ̀ ti ń gbé oúnjẹ lọ sí háńgà. Ó tún ń bá a ka irinṣẹ́ kó tó ti ilẹ̀kùn, torí ọkọ ti sọ ti Bessie Coleman fún un, obìnrin dúdú ará Texas tó lọ gba ìwé àṣẹ awakọ̀ òfuurufú ní Faransé ní 1921 nígbà tí wọn ò gbà á sílé-ẹ̀kọ́ nílé. Ní 1926, ní Jacksonville, ó já bọ́ látinú bàálù, ó kú. Sípánà kan ni wọ́n ní ó há mọ́ ibi tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ó dùn mí, ẹ má tíì jẹ́ ká máa sọ ọ́.

Ṣé ẹ ń béèrè bóyá ó fò? Ó fò. Bàbá arúgbó ti buwọ́ lùwé, àwòrán gbogbo wáyà ti wà nínú fáìlì ọkọ̀, ẹni tó bá rà á lọ́jọ́ iwájú máa bá a níbẹ̀. Wọ́n rán fídíò wá. Màmá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ẹgbẹ́ òun ṣì lágbára, àmọ́ bí òun bá dé Texas, ilẹ̀ lòun máa tẹ̀ dé ilé wọn.

Èyí ló wá gbé mi dé ibi mítà wa lẹ́yìnkùlé. Ẹ má sá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nígbà tí wọ́n gbé àwọn mítà yẹn kọ́ sára pákó, oníná tó ṣe é kò kọ yàrá kankan sí wọn lára, funfun gbogbo wọn, tí wọ́n tò gbọọrọ. Ẹni yàrá kẹrin ń ra iná, ẹni yàrá kẹfà ń lọ aṣọ. Ta ló tú u fó? Èmi ni. Mo rí i pé ọkùnrin yàrá kẹfà kò ra káàdì rí, bẹ́ẹ̀ sì ni fíríìjì rẹ̀ kì í sinmi. Wọ́n ní mo ń ṣòfófó.

Bàbá onílé ti gbà báyìí pé kí oníná tó níwèé ẹ̀rí wá lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Òun ló máa ṣí i, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má fọwọ́ kàn án, kí ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ má sì tan án títí yóò fi ṣe tán. Ẹ wà nílé, kí ó lè yẹ̀ ẹ́ wò yàrá dé yàrá. Kí kálukú mú igba náírà wá fún rọ́bà àti lébẹ́lì. Èmi ni n ó kọ orúkọ sí i, lórí àti nídìí, torí èmi ni mo mọ ẹni tó ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó ń sùn síbẹ̀.